Ọwọ́ Méjì Kì Í Ro Ọṣẹ Kan

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ní Òkìtìpupa kì í ṣe èdè wọn, kì í sì í ṣe òjò wọn tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Epo ni. Ní Ṣakí tí wọ́n ti bí mi, ọ̀nà jíjìn ni epo pupa ti ń bọ̀, a sì máa ń ṣọ́ ọ lò bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ kejì tí mo tẹ̀lé ọkọ mi dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, epo dà nù lára kẹ̀kẹ́ obìnrin kan lójú ọ̀nà, obìnrin náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. Mo dúró ti epo yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n fi aṣọ nù ún kí n fún un sínú ìgò. Mo ní, "Háà! Irú ìlú wo ni mo wọ̀ yìí?"

Ẹ máa sọ pé, ṣé Òkìtìpupa náà lò ń pè ní ìdálẹ̀? Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá kan náà ni? Ẹ dúró ná. Ẹ lọ gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ oríkì yín, kí ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ ìdálẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi tìfẹ́tìfẹ́, èmi ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀ nítorí mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ lèmi mọ̀, àwọn ní ọma. Bí wọ́n bá ní kí n wá, "ghá" ni wọ́n ń wí, láti inú ọ̀fun. Ọkọ mi tó jẹ́ tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀ kò rí wàhálà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ èdè ìwé láti àárọ̀ dọ̀sán. Èmi ni mo ń bá ìkòkò àti abọ́ sọ̀rọ̀ nílé.

Oúnjẹ wọn ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Pupuru ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń rẹ sómi títí á fi rọ̀, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á ṣù ú rìbìtì, wọ́n á wá tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Bó bá fi máa gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dúdú kirikiri. Èmi ọmọ Òkè-Ògùn tí mo ti inú èlùbọ́ wáyé, mo rí nǹkan dúdú lọ́jà, inú mi dùn, mo ní ilé rèé. Mo rà á, mo gún un tòun tèèpo, mo jọ̀ ọ́, mo rò ó, mo gbé e síwájú ọkọ mi.

Ó gbé òkèlè kan mì. Ó wò mí. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ilé ló jó ni?"

Obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ọgbà ọ̀pá nìkan ló wà láàárín wa, ni ó gbọ́ bí mo ṣe ń sunkún nílé ìdáná. Ìyá Akin ni wọ́n ń pè é. Opó ni, ọmọ bíbí Òkìtìpupa, pupuru gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọjú, ó wo inú odó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́! Ẹ jẹ èéfín o! Èèpo náà lẹ jẹ!" Ó wọlé lọ mú ọ̀bẹ àti pupuru tirẹ̀ kan wá, ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ha ẹ̀yìn dúdú náà kúrò títí funfun inú á fi yọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ìyàwó Tíṣà Ajèéfín. Orúkọ yẹn ni orúkọ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fún mi, mo sì gbà á.

Lọ́jọ́ kan, mò ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkọ̀yà, mo rí òkìtì ìdì ẹyìn lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fún epo. Wọ́n ti gbọn gbogbo ẹyìn kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì da èyí tó kù nù kó máa jẹrà. Mo dúró, mo gbé ọ̀kan nínú rẹ̀ wò. Ọmọ ọlọ́ṣẹ ni mí. Eérú tó ń ti ara ìdì ẹyìn jáde, kò sí irú rẹ̀ fún ọṣẹ dúdú. Nílé wa, wọ́n ń wá a kiri bí oògùn. Níbí, ẹni tó ni ín bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ kó o kúrò lójú òun.

Owó oṣù àwọn tíṣà nígbà yẹn, bó bá wù ú ló ń wọlé. Èmi kò bi ọkọ mi léèrè ohunkóhun. Mo kó ìdì ẹyìn, mo sun ún, mo ra ajere, ìkòkò oníhò lára ni, mo kó eérú sínú rẹ̀, mo da omi sí i, mo gbé àwo ńlá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi eérú ń kán tó, tó, tó. Lẹ́yìn náà mo gbé epo kaná, mo mú ọmọrógùn gígùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Nígbà tí ọṣẹ náà dì, mo bu díẹ̀, mo fi wẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wẹ̀ ní Òkìtìpupa tí ara mi mọ̀ pé ara mi ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ mí. Àwọn abiyamọ ní ọṣẹ mi ń bá wọn yọ èéyi lára ọmọ. Àwọn ọmọge ní ó ń pa rorẹ́. Obìnrin kan ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti Igbótako, òmíràn ń bọ̀ láti Òde-Ìrèlè, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn á ké pé, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ o!"

Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, nǹkan kan á gún mi láyà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ìyá mi ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ọṣẹ ni ìyá mi fi ń bọ́ wa, òfin kan sì wà nílé wọn tí wọn kì í rú: ọwọ́ méjì kì í ro ọṣẹ kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ríro ló ń parí rẹ̀. Bó bá fi ọmọrógùn sílẹ̀, ọṣẹ á hó dànù. Bó bá gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n ní epo á léfòó, omi á dá wà, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ọmọ ò sì mọ ìgbà tí ọṣẹ ń hó. Nítorí náà, ìyá mi gbé mi lọ fún ìyá rẹ̀ ní abúlé kí òun lè rójú ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo tó wọ ilé ìwé ni wọ́n tó mú mi padà. Mo bá obìnrin kan nílé tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Wọ́n ní òun ni ìyá mi. Èmi náà pè é ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ó sì dá mi lóhùn.

Bó ṣe di orúkọ láàárín wa nìyẹn. Kò sí ìjà. Ó kọ́ mi níṣẹ́, ó rán mi lọ sí ilé ìwé, ó sin mí relé ọkọ pẹ̀lú omijé. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà ṣe ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè é, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní nǹkan mìíràn nígbà tí mo ti dàgbà.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mo bí Àbẹ̀kẹ́ sí. Mo pọ̀n ọ́n, mo sun eérú. Mo pọ̀n ọ́n, mo gé ọṣẹ. Bó bá ti sùn, mo gbé ìkòkò kaná, mo ń gbàdúrà pé kó má jí kí ọṣẹ tó dì. Nígbà mìíràn Ọlọ́run á gbọ́. Nígbà mìíràn á jí, á ké, èmi náà á máa ro, á máa ké, èmi náà á máa kọrin sí i láti ìdí iná pẹ̀lú ojú tó kún fún èéfín àti ẹkún. Wàrà á ti rin gbogbo àyà bùbá mi. Abiyamọ tó bá ń ka èyí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gé ọṣẹ fún obìnrin ará Igbótako. Mo gbọ́ tó pariwo, "Yéè!" Mo yíjú. Ọmọ mi ti dé ìdí ajere, ó ti di etí àwo omi eérú mú, ó fẹ́ fi fa ara rẹ̀ dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ omi eérú, bó bá ti kan dáadáa, ó lè bó awọ àgbàlagbà. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, àwo náà dojú dé, díẹ̀ ta sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Èmi àti oníbàárà mi da omi tútù lé e títí a fi rí i pé kò ju ibi tí èékánná lè bò lọ. Àpá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé e lé itan.

Ní Sátidé, mo lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Ìyá mi kò ní fóònù, ilé olóògùn òyìnbó kan tó ní fóònù ládùúgbò wọn ló máa ń jókòó sí ní àárọ̀ Sátidé tó bá yẹ kí n pè. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ọṣẹ àti ọmọ tó ń rá kì í gbé inú ilé kan. Gbé e wá fún mi. Èmi ti fi ọṣẹ sílẹ̀, ọwọ́ mi ṣófo. Nígbà tó bá tó ilé ìwé, wàá mú un padà."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Ìyá Ọlọ́ṣẹ."

"Kí lo fẹ́ rò? Ṣebí bí mo ṣe ṣe tìẹ náà nìyẹn. Ṣé o kú ni?"

Mi ò kú lóòótọ́. Ọkọ mi náà ní Ìyá mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé ọmọ á dàgbà á sì padà wá. Owó oṣù kò tíì jáde. Bí mo bá fi ọṣẹ sílẹ̀, kí la máa jẹ? A wá fẹnu kò pé bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, a ó gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣakí. Mo gbà. Mo wọ yàrá, mo kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, mo tún kó wọn padà sínú àpótí.

Nígbà tí Ìyá Akin gbọ́, ó wo ojú mi títí. Ó ní, "Ẹ fẹ́ gbé ọma lọ torí ọṣẹ?"

"Kí ni mo lè ṣe, Ìyá Akin? Ilé wa kò láàyè."

"Ilé tèmi ńkọ́?"

Bí ó ṣe di pé a ń pààrọ̀ ilé nìyẹn. Ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ se ọṣẹ, èmi á gba ẹnu ọgbà lọ sí abẹ́ àtíbàbà tó ti ń yan pupuru, níbi tí ọmọ kì í dé. Òun á ru ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á pọn Àbẹ̀kẹ́, á máa bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo ní kí a ṣì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìsinmi á fi dé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ọjọ́ tí ẹ dá, èmi ò bá yín dá a."

Ara mi balẹ̀, mi ò ní purọ́. Láti ìdí ìkòkò mi, mò ń gbọ́ bí Ìyá Akin ṣe ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ohùn Ìkálẹ̀, tí ọmọ mi ń bá a gbè é ní ohùn tirẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà náà pé, ta lèmi báyìí? Bí mo bá lọ sí Ṣakí, wọ́n ní ohùn mi ti yí padà, pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ará odò. Bí mo bá padà sí Òkìtìpupa, ará Ọ̀yọ́ ni mí. Ọmọ mi nìkan ni kò ní ìṣòro. Ilé wa àti ilé Ìyá Akin, ilé kan náà ni lójú rẹ̀, ọgbà ọ̀pá tó wà láàárín wa kò jẹ́ nǹkan kan fún un.

Ọjọ́ kan ni mo dé láti ìdí ọṣẹ, mo na ọwọ́ sí i. Ó fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn Ìyá Akin, ó ní, "Ìyá." Kì í ṣe èmi ló ń pè.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo ti ìlẹ̀kùn, mo sunkún. Owú ni, kí ni mo fẹ́ pè é bí kò ṣe owú? Mo rí i kedere pé bí ọgbà ọ̀pá lásán bá lè ṣe èyí, ọ̀nà Ṣakí á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá fi máa padà, á bá obìnrin kan nílé tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

Ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé fẹ́ gba ìsinmi, obìnrin Òde-Ìrèlè ní kí n se ọṣẹ púpọ̀ fún òun. Mo gbé ìkòkò tó tóbi jù kaná lábẹ́ àtíbàbà. Ọṣẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń ru sókè, mò ń rò ó kíkankíkan, nígbà tí mo gbọ́ ẹkún Àbẹ̀kẹ́. Eyín ló ń hù, ara rẹ̀ ti gbóná láti àárọ̀. Mo rò pé á dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi ń há. Ìyá Akin kọrin, ó jó, ó rìn yí ilé ká. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń gba ẹnu ọgbà bọ̀ tòun tọmọ.

"Ẹ gba ọma yín. Ọmú ló ń fẹ́, èmi ò ní ọmú."

"Ìyá Akin, mi ò lè fi ọmọrógùn sílẹ̀. Á bàjẹ́."

"Ẹ gbé e fún mi."

"Ọwọ́ méjì kì í ro ọṣẹ kan! Òfin ni!"

Ó wò mí bí ìgbà tó wo pupuru inú odó mi. "Òfin ta ni? Èmi tí mò ń ro pupuru láti ìgbà tí wọn ò tíì bí yín? Ẹ ghá gba ọma yín, jàre!"

Mo wo ọṣẹ. Mo wo ọmọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ojú rẹ̀ rin gbindin, àpá kékeré yẹn wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, Olúwa, bó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́. Mo gbé ọmọrógùn fún Ìyá Akin.

Mo jókòó sórí àpótí lábẹ́ àtíbàbà, mo fi ọmú sí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu. Ó mu ún pẹ̀lú ìbínú, ó ń wò mí, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi ń pa dé. Ní iwájú wa, obìnrin yẹn di aṣọ mọ́ ìdí, ó ń ro ọṣẹ mi. Ó ń bú mi díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rò ó. "Ajèéfín. Ó ní òfin. Òfin ni kò jẹ́ kí ẹ ha èèpo pupuru náà." Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

Epo kò léfòó. Omi kò dá wà. Ọṣẹ náà ki, ó dúdú, ó dì. Mo bu díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi omi pa á, ó hó kuku. Kò sí ìyàtọ̀ kankan, kò tilẹ̀ sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọwọ́ mi parí sí tí ọwọ́ Ìyá Akin ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin Òde-Ìrèlè wá kó o lọ, ó ní èyí dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní Sátidé, mo pọn Àbẹ̀kẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ kú àárọ̀."

"Ọjọ́ wo lẹ ń gbé e bọ̀? Mo ti ra ẹní tuntun. Mo ti rẹ ògì."

"N ò gbé e bọ̀ mọ́, mà. Ẹ má bínú."

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Mo se ọṣẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ ń ké. Aládùúgbò mi gba ọmọrógùn lọ́wọ́ mi, òun ló rò ó parí. Èmi fún ọmọ lọ́mú."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Kò bàjẹ́, mà. Ó dì. Wọ́n ti kó o lọ."

Mo rò pé ẹ̀rọ ti gé. "Haló? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. "Kò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́."

"Ọwọ́ méjì?"

"Ọwọ́ méjì ni, mà."

Mo gbọ́ tí olóògùn òyìnbó ń bi í bóyá kò sí wàhálà. Ó wá ní, "Ìwọ náà máa ń ké. Orí ẹní ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí níwájú mi kí n lè máa rí ẹ. O máa ń na ọwọ́ sí mi. Èmi á máa ro ọṣẹ. Bí mo ṣe ń rò ó ni mo ń sunkún. Mi ò rí ẹnì kan tó sọ fún mi pé kí n gbé e fún òun."

Àbẹ̀kẹ́ ń fà mí ní gèlè láti ẹ̀yìn. Mo ní, "Màámi."

"Kí lo pè mí?"

"Màámi. Ẹ ká ẹní tuntun yẹn, ẹ máa gbé e bọ̀ níbí. Ọmọ yín fẹ́ rí yín. Bí ẹ bá dé, màá gbé ọṣẹ kaná, ẹ ó gba ọmọrógùn lọ́wọ́ mi."

Akọ̀wé ẹ̀rọ ń juwọ́ sí mi pé àkókò mi ti tó. Ìyá mi ń fa imú ní òdì kejì.

Ó ní, "Tún un pè."

Mo tún un pè.